Àga Dírẹ́fà àti Agbo Jẹ̀dí

Ẹ dúró díẹ̀ láàárọ̀ níbi tí àwọn tírélà máa ń páàkì sí ní Ògèrè. Dírẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ á na ẹ̀yìn, á rọra tiro lọ bá alágbo, á ní kó bu jẹ̀dí fún òun. Ẹ bi í léèrè ohun tó fà á, ṣúgà ni yóò dárúkọ. Kò ní í ka àga tó ti jókòó lé láti Kánò mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ìrìn náà tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà.

Àga yẹn gan-an ni ká fura sí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dé ẹsẹ̀ nílò olùrànlọ́wọ́ kó tó lè gòkè padà sọ́kàn. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun wa ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: bí a ti ń rìn, ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ròkè, àwọn ìdérí kéékèèké inú iṣan kò sì jẹ́ kó ṣàn padà. Ẹni tó jókòó fún wákàtí 10 ti dá iṣẹ́ yẹn dúró. Bàtà tó gbà á láàárọ̀ á fún un nírọ̀lẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí ihò ìdí ká náà á wú. Nítorí kò fẹ́ máa dúró tọ̀, kò mu omi. Ìgbẹ́ á gbẹ, á fi tipátipá yà á, ìdí á yọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní jẹ̀dí nìyẹn.

Èyí tó burú jù kò wọ́pọ̀: ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan lè dì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo á wú, á gbóná, á máa dunni. Bí ìdì ẹ̀jẹ̀ náà bá já, ó lè lọ dí iṣan inú ẹ̀dọ̀fóró. Èémí á ṣàdédé gé, ó sì lè pa èèyàn kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Alágbo á bèèrè pé, “Olómi àbí ọlọ́tí?” Olómi, mi ò bá a jà. Ọlọ́tí ni wàhálà, torí ọtí ń mú èèyàn tọ̀ ju omi tó mu lọ, ó sì ń kun èèyàn lóorun. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú ṣáà pàdé fún ìṣẹ́jú àáyá 3!

Ìmọ̀ràn FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ni pé kí awakọ̀ sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn wákàtí 4. Kì í ṣe kó jókòó sínú ọkọ̀ máa tẹ fóònù o. Kó sọ̀kalẹ̀, kó yí tírélà náà po lẹ́ẹ̀mẹta, kó tọ̀, kó mu omi. Bí ọlọ́kọ̀ bá pè pé ibo ló dé, kó ní òun ń yẹ táyà wò.