Bí A Ṣe Ń Yan Kọ̀ǹpútà Tí A Ó Fi Ṣètò Rédíò Ìbánisọ̀rọ̀, Ti Àtijọ́ àti Ti Òde Òní

Ẹni tí ó bá gba Mile 12 kọjá ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò rí bí ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ti ń wọlé láti Òkè Ọya pẹ̀lú tòmátò, ata, àlùbọ́sà àti iṣu, tí àwọn alágbàtà ń sáré tọ̀ wọ́n, tí àwọn alábàárù sì ń ru ẹrù gba àárín èrò kọjá. Nínú irú ọ̀pọ̀ èrò bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀ṣọ́ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà bá fẹ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ kígbe títí, ariwo ọjà kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọjà, àwọn olùtọ́jú ibùdókọ̀ àti àwọn ọ̀dẹ àdúgbò ní ọ̀pọ̀ ibi fi ń lo rédíò ìbánisọ̀rọ̀ àfọwọ́mú, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí wọkí-tọkí.

Fóònù dára, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni a sábà máa ń fi í pè lẹ́ẹ̀kan, owó ni a fi ń lò ó, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wà lórí ìkànnì náà ni yóò gbọ́ wa lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí òpó tẹlifóònù tilẹ̀ kú, rédíò méjì tí kò jìnnà sí ara wọn yóò ṣì máa gbọ́ ara wọn.

Àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kosọfẹ, nítorí pé Odò Ògùn kò jìnnà sí Kétu, Ìkòsì àti Mile 12. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí a sì tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán tí a ṣí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983, odò náà a máa kún bo bèbè rẹ̀. Ní oṣù Ọ̀kítóbà 2010, omi wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lápá Mile 12, wọ́n sì ní láti fi ilé wọn sílẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, rédíò tí kò lè sọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí òkúta ní ọwọ́ ẹni tí ó mú un.

Ọ̀pọ̀ rédíò tí kò lè sọ̀rọ̀ ni kò bàjẹ́ rárá. A kò ṣètò wọn bí ó ti yẹ ni. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí a so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà tí kò bá wọn mu. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé lọ́sẹ̀ yìí irú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́, tàbí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún rédíò ṣe, rà fún iṣẹ́ yìí.

KÍ NI ṢÍṢÈTÒ RÉDÍÒ?

Ní àtijọ́, ègé kírísítálì kékeré ni a ń fi sínú rédíò fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí ìkànnì padà ní láti pààrọ̀ kírísítálì náà. Lónìí, ibi ìpamọ́ kékeré kan wà nínú rédíò tí a ń kọ gbogbo àṣẹ sí: ìgbì tí yóò máa lò, agbára tí yóò fi máa sọ̀rọ̀, orúkọ ìkànnì, àti ohùn ìdámọ̀ kan tí etí wa kì í gbọ́, èyí tí rédíò fi ń mọ ará ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí sínú rẹ̀, nípa wáyà tí a so láàrin àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn. Bí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan ní Ìkòsì bá ní rédíò mẹ́wàá, tí mẹ́rin jẹ́ ti àtijọ́ tí mẹ́fà sì jẹ́ titun, gbogbo wọn lè gbọ́ ara wọn bí a bá fún wọn ní ìgbì kan náà, fífẹ̀ ìkànnì kan náà àti ohùn ìdámọ̀ kan náà. Bí èyí titun bá jẹ́ ti dígítà, a gbọ́dọ̀ fún un ní ìkànnì kan tí a ṣètò bí ti àtijọ́, nítorí pé rédíò àtijọ́ kò gbọ́ èdè dígítà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè ṣe é: rédíò tí a ṣe fún VHF nìkan, láàrin 136 àti 174 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, kò lè bá rédíò tí a ṣe fún UHF nìkan, láàrin 400 àti 470 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, sọ̀rọ̀ láéláé. Kí a wo ẹ̀yìn rédíò wa dáadáa kí a tó ná kọ́bọ̀.

RÉDÍÒ NI Ó Ń YAN KỌ̀ǸPÚTÀ

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọn a kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà tí ó titun jù tí ó sì yára jù, kí wọn tó bi ara wọn léèrè pé irú rédíò wo ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Rédíò ni ó yẹ kí ó ṣáájú, kí kọ̀ǹpútà sì tẹ̀lé e. Ìran rédíò mẹ́ta ni a lè pín wọn sí, ìran kọ̀ọ̀kan sì ní kọ̀ǹpútà tí ó bá a mu.

Ìran kìíní ni ti àwọn ọdún 1990 sí 1999, irú bí GP300 àti GM300 ti Motorola. Ètò DOS, èyí tí ó ti wà kí Windows tó gbilẹ̀, ni a fi ń ṣètò wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí ń fi eré kọ̀ǹpútà díwọ̀n àkókò: wọn a ka iye kan, nígbà tí kíkà náà bá parí wọn a gbà pé ó tó àkókò láti fi ọ̀rọ̀ tí ó kàn ránṣẹ́ sí rédíò. Lórí kọ̀ǹpútà ìgbà náà, ìdíwọ̀n yìí ṣe déédéé. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní, kíkà náà a parí kí rédíò tó ṣe tán, ọ̀rọ̀ a gun orí ara wọn, ohun tí a ń kọ a sì dàrú, tó bẹ́ẹ̀ tí rédíò náà lè má tàn mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fún ìran yìí, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó lọ́ra, irú ti 386, 486 tàbí Pentium àkọ́kọ́, ni ó dára, DOS gan-an ni kí a sì fi tàn án. Ó gbọ́dọ̀ ní ihò sírìálì gidi, èyí tí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. A ó sì fi àpótí kékeré tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RIB sí àárín kọ̀ǹpútà àti rédíò, nítorí pé agbára iná tí ń jáde láti ihò sírìálì pọ̀ ju èyí tí inú rédíò lè gbà lọ.

Ìran kejì ni àwọn tí ó jáde nígbà tí ọ̀rúndún yìí ń bẹ̀rẹ̀, irú bí GP340 àti GM340 ti Motorola. Ètò Windows ni a fi ń ṣètò wọn, nítorí náà eré kọ̀ǹpútà kò ṣe wọ́n ní ibi mọ́, ṣùgbọ́n ihò sírìálì ni wọ́n ṣì ń lò. Kọ̀ǹpútà tí ó ní Windows XP tàbí Windows 7 yóò bá wọn mu. Dell Latitude D630 àti Toughbook CF-30 àti CF-31 ti Panasonic ní ihò sírìálì lára. Bí a kò bá rí irú èyí, a lè ra wáyà tí ń sọ USB di sírìálì, kí a sì yan èyí tí ègé ẹ̀rọ FTDI wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe Windows XP ní 2014 àti ti Windows 7 ní 2020. Kí a má ṣe so irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì; iṣẹ́ rédíò nìkan ni kí a fi í ṣe.

Ìran kẹta ni àwọn rédíò dígítà bí MOTOTRBO ti Motorola àti ti ilé-iṣẹ́ Hytera ní ilẹ̀ Ṣáínà, àti àwọn rédíò olówó pọ́ọ́kú bí Baofeng UV-5R tí ó jáde ní 2012. Ihò USB ni a ń lò fún wọn. Nítorí pé Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní oṣù Ọ̀kítóbà 2025, kọ̀ǹpútà tí ó lè gba Windows 11 ni ó yẹ ẹni tí ó bá fẹ́ ra èyí tí yóò pẹ́. Fún Baofeng àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ètò kan wà tí a ń pè ní CHIRP tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ kí a ṣọ́ra fún wáyà. Púpọ̀ nínú wáyà olówó pọ́ọ́kú ni ó ní ayédèrú ègé ẹ̀rọ Prolific nínú, ètò titun tí Prolific ṣe fún Windows kì í sì í gbà wọ́n. Ènìyàn a rò pé rédíò tàbí kọ̀ǹpútà ni ó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wáyà ni ó jẹ̀bi.

ẸYỌ KAN NI, TÀBÍ MÉJÌ?

Ẹnì kan lè béèrè pé: kò ha sí kọ̀ǹpútà kan tí ó lè ṣe ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Windows 11, tí ó jẹ́ ti bíìtì 64 nìkan, kì í gba ètò DOS rárá. Lóòótọ́ ni a lè gbé Windows àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà titun bí yàrá nínú ilé, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ rédíò ìran kejì. Fún ìran kìíní, tí ètò rẹ̀ fẹ́ bá ihò sírìálì sọ̀rọ̀ tààrà láìsí alágbàsọ, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ihò sírìálì àti ìlọ́ra jẹ́ àkísà tí kọ̀ǹpútà titun kò ní.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí ó ní rédíò àtijọ́ àti titun ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ méjì tí owó wọn mọ níwọ̀n, dípò ẹyọ kan tí ó wọ́n. Bí agbára kò bá tó ju ẹyọ kan lọ, kí a ra èyí tí ó ní ihò sírìálì àti USB, tí ó bá ìran kejì mu. Yóò lè ṣe púpọ̀ nínú ìran kẹta pẹ̀lú. Kí a sì gbé rédíò ìran kìíní tọ oníṣẹ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà DOS lọ.

KÍ A TÓ SANWÓ

Láti Kétu tàbí Mile 12, kò jìnnà púpọ̀ sí Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí a ti ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lóríṣiríṣi. Kí ẹni tí ń lọ ra ọjà mú rédíò kan àti wáyà rẹ̀ dání. Kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ihò sírìálì náà, kí ó sì ṣí Device Manager lórí Windows láti rí i bóyá kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ihò náà wà. Kí ó yọ wáyà iná, kí ó wò ó bóyá bátìrì lè gbé kọ̀ǹpútà náà fún wákàtí kan ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí, kí ó so rédíò mọ́ ọn, kí ó sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kíkà nìkan ni kí ó ṣe, kí ó má ṣe kọ ohunkóhun sínú rẹ̀, nítorí pé kíkà kì í yí àṣẹ inú rédíò padà.

NÍGBÀ TÍ A BÁ Ń ṢIṢẸ́

Ohun àkọ́kọ́ ni láti ka rédíò, kí a sì tọ́jú ohun tí a kà sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iṣẹ́ bá wọ́, èyí ni a ó fi dá a padà sí ipò rẹ̀. Kí bátìrì rédíò àti ti kọ̀ǹpútà kún kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohunkóhun. A mọ bí iná mànàmáná ti rí ní ilẹ̀ wa. Bí iná bá lọ ní àárín ìkọ̀wé, tí kọ̀ǹpútà sì kú, rédíò náà lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá sì ní rédíò mẹ́wàá láti ṣètò, kí a kọ́kọ́ ṣe méjì, kí a fi wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí a tó fi ọwọ́ kan àwọn yòókù.

ÌWÉ ÀṢẸ

Pé kọ̀ǹpútà wa lè kọ ìgbì kan sínú rédíò kò sọ pé ìgbì náà jẹ́ tiwa. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti Nàìjíríà ti ọdún 2003, a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCC kí a tó lo ìgbì. Òfin yìí kì í ṣe láti ni ẹnikẹ́ni lára. Àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ń balẹ̀ ní Ìkẹjà ń fi ìgbì láàrin 118 àti 137 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì gba ọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn panápaná ní ìgbì tiwọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kọ ìgbì ẹlòmíràn sínú rédíò tirẹ̀ lè bo igbe ẹni tí ń wá ìrànlọ́wọ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó rọ̀ wọ́n láti kó gbogbo rédíò wọn jọ ní ìpàdé tí ó ń bọ̀. Kí wọn kọ orúkọ, nọ́ńbà àti ìgbì tí ó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sínú ìwé. Ìwé náà ni kí wọn mú lọ sí ọjà, òun ni yóò sì sọ irú kọ̀ǹpútà tí wọn yóò rà. Kí wọn ṣe é nísinsìnyí tí ilẹ̀ gbẹ, kí òjò tó dé, kí odò tó kún.