Kí Àrá Tó Sán: Ààbò fún Ọkọ̀ àti Ẹ̀rọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kan ẹ̀yáwó. Púpọ̀ nínú owó tí ẹgbẹ́ ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń lọ sórí ẹ̀rọ: fíríìsà ẹlẹ́ja àti olómi tútù, ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, ẹ̀rọ ìlọta, kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ akérò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàngó, a kì í ṣàì rí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò wá sọ pé iná ti jó fíríìsà òun, nígbà tí ẹ̀yáwó tó fi rà á ò tíì san dé ìdajì. Fíríìsà kú, gbèsè ò kú. Oníduúró náà ò sì rí oorun sùn. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a la ohun tó ń pa ẹ̀rọ yé ara wa, àti bí a ṣe lè gbà á sílẹ̀.

Ìgbì iná, kí ni í jẹ́?

Bí iná púpọ̀ bá ru sókè lójijì níbì kan, kì í dúró síbẹ̀. Ó máa ń ta ìgbì sínú afẹ́fẹ́, bí òkúta tí a jù sódò ṣe ń ta omi káàkiri. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni rédíò fi ń gbé ohùn wá bá wa, ṣùgbọ́n ti rédíò rọra ni. Èyí tí à ń wí yìí le, ó sì yára. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti wá, ó ti lọ. Àwọn òyìnbó ń pè é ní electromagnetic pulse, EMP ni wọ́n gé e kúrú sí. Bí ó bá bá wáyà pàdé, yóò di iná nínú wáyà náà, yóò sì gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀rọ.

Èyí tó lókìkí jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1962. Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù átọ́míìkì kan, tí wọ́n pè ní Starfish Prime, lókè Òkun Pàsífíìkì, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè. Ní Hawaii, tó jìnnà ju 1,300 kìlómítà lọ síbẹ̀, nǹkan bí 300 iná ojú pópó kú, aago tí wọ́n fi ń ṣọ́ olè ń dún fúnra wọn, tẹlifóònù láàárín àwọn erékùṣù sì dàrú. Iná bọ́ǹbù náà ò débẹ̀ rárá. Ìgbì ló ṣe é. Ní ọdún 1963, Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti ìjọba Sófíẹ̀tì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní dán bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ wò mọ́ lójú sánmà.

Oòrùn náà lè ṣe ohun tó jọ ọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1989, ìjì láti ara oòrùn pa iná ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà. Mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án.

Tiwa ni àrá

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ti Hawaii sílẹ̀. Àrá ni EMP tiwa, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn bàbá wa ò ṣìnà nígbà tí wọ́n pe iná ìjọba ní iná mànàmáná; ọ̀kan náà ni wọ́n, ọ̀kan wà nínú wáyà, ìkejì wà lójú ọ̀run. Ẹni tó bá sì ń gbé àdúgbò tó ń jẹ́ Ṣàngó, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un pé a kì í fi àrá ṣeré.

Kò dìgbà tí àrá bá sán lu ilé yín kí ó tó pa ẹ̀rọ. Bí ó bá balẹ̀ lórí wáyà opó iná tàbí nítòsí rẹ̀, wáyà yóò gbé e wá bá yín láti ọ̀nà jíjìn. Wáyà gígùn ni ọ̀nà tó ń gbà: wáyà opó, wáyà eriali tẹlifíṣọ̀n, wáyà díìṣì, wáyà tó ti orí páńẹ́ẹ̀lì sólà wá. Rédíò ayé àtijọ́ lè fara da díẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí, nǹkan tín-ín-tín ló wà nínú wọn, iná díẹ̀ tó bá lé lórí ìwọ̀n ti tó láti pa wọ́n.

Ewu kejì kì í ṣe ti àrá, ìjì ló máa ń fà á. Wáyà mẹ́rin ló máa ń wà lórí opó àdúgbò. Mẹ́ta ń gbé iná wá, ìkẹrin ni àwọn oníná ń pè ní níútírà. Iná tó yẹ kó wọlé jẹ́ 230 fóòtì. Bí ìjì bá já níútírà, iná tó wọ ilé kan lè lọ sókè sún mọ́ 400 fóòtì, kí ti ilé kejì sì máa ṣe bàìbàì. Bí ẹ bá rí i tí gílóòbù ń mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má dúró wòran. Ẹ pa iná láti ojú mítà kíá, kí ẹ tó pe oníná.

Ohun tí a lè ṣe nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù

Èkíní, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Pípa bọ́tìnì nìkan ò tó, nítorí àrá máa ń fo àlàfo bọ́tìnì kọjá. Ẹ yọ wáyà eriali àti ti díìṣì pẹ̀lú. Kí òjò tó dé ni kí ẹ ṣe èyí. Bí àrá bá ti ń sán lórí, ẹ má fọwọ́ kan wáyà mọ́.

Èkejì, ẹ máa ka àárín mànàmáná àti ìró àrá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí kìlómítà kan. Bí kò bá pé ọgbọ̀n, àrá ti sún mọ́ tòsí. Ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn kí ẹ tó ki ẹ̀rọ bọ iná padà.

Ẹ̀kẹta, bí iná bá lọ, ẹ pa fíríìsà. Láti ọdún 2013 ni IBEDC ti gba iṣẹ́ pínpín iná ní ẹkùn wa, síbẹ̀ “Up NEPA!” ni àwọn ọmọdé ṣì ń ké. Bí ariwo náà bá ta, ẹ fún iná ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo wáyà ilẹ̀ yín. Ẹ̀rọ tó ń dènà iná òjijì, ilẹ̀ ló ń da iná náà sí. Bí irin kọ́pà tí a rì mọ́lẹ̀ bá ti já, tàbí tí wọn ò tilẹ̀ rì í, ẹ̀rọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ẹ jẹ́ kí oníná tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sítábíláísà nìkan. Iná tó ń rọra lọ sókè sódò ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó mira, àrá ti kọjá.

Ọkọ̀ ńkọ́?

Àwọn awakọ̀ wa ń bi wá bóyá táyà ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ àrá. Rárá o. Ara ọkọ̀ tó jẹ́ irin ni. Michael Faraday, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn ní ọdún 1836 pé iná máa ń gba ìta àpótí onírin kọjá, kì í wọ inú rẹ̀. Nítorí náà, bí àrá bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ ti gíláàsì, ẹ má fọwọ́ kan irin. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ò ní irú ààbò yìí. Kí ẹ̀yin tó ń gùn wọ́n wọlé, kì í ṣe abẹ́ igi.

Ní ti EMP gan-an, àwọn ará Amẹ́ríkà dán ọkọ̀ 37 wò. Èyí tí wọn ò tan ò ṣe nǹkan kan. Díẹ̀ nínú èyí tó ń ṣiṣẹ́ kú, wọ́n sì tún un tan. Ẹ̀rù tó yẹ kó máa ba awakọ̀ sún mọ́lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wẹ́dà bá fẹ́ fi iná jó irin ara ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, torí iná wẹ́dà lè jó ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní “brain box”. Bí ẹ bá sì ń yá iná lára bátìrì ọkọ̀ mìíràn, ẹ má ṣi wáyà pupa àti dúdú gbé.

Agolo bísíkíìtì

Rédíò kékeré tàbí fóònù tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ fi páálí wé e, kí ẹ gbé e sínú agolo bísíkíìtì onírin tó ní ìdérí tó mú dáadáa. Ẹ dán an wò: ẹ tan rédíò, ẹ gbé e sínú rẹ̀, ẹ dé e. Bí ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́, ìgbì ò ráyè wọlé nìyẹn. Ìwé lẹ́jà ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ ò ní wáyà, àrá ò lè pa á. Ìdí nìyí tí a ò fi tíì ju lẹ́jà nù bí a tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà.

Àbá wa

Ní ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀, a ó gbé àbá kan kalẹ̀: kí ẹnikẹ́ni tó bá yá owó ra fíríìsà tàbí kọ̀ǹpútà fi owó ẹ̀rọ adènà iná òjijì àti wáyà ilẹ̀ kún un, kí ẹgbẹ́ sì bá wa rà wọ́n pọ̀, kó lè dínwó. Owó náà kéré sí owó fíríìsà tuntun. Ẹ rò ó wò nílé, kí ẹ bá wa dá sí i. Òjò ò ní pẹ́ dé mọ́, àgbà tó bá sì gbọ́n, kí òjò tó ṣú ló ti ń kó aṣọ.