Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Ń Há Ọmọ Ìka: Kí Ẹgbẹ́ Tó Rà Á

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan láàárín wa dìde, wọ́n ní kí á yọ owó nínú àpò ìrànlọ́wọ́ láti ra pulse oximeter, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré bíi péègì aṣọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń há ọmọ ìka aláìsàn. Bàbá kan fèsì pé ẹ̀rọ yẹn ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ní ilé ìwòsàn kan, ó kọ 94 fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n má mí hẹlẹ. Ilé wá ní kí a lọ wádìí kí a tó na kọ́bọ̀. Ohun tí a rí nìyí.

Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀ máa ń pupa fòò; èyí tí kò ní tó a máa dúdú díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń tan ìmọ́lẹ̀ méjì gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì kò ṣeé fojú rí, á wá ṣírò èyí tó yọ ní òdìkejì. Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Japan, ló rí ọgbọ́n yìí. Kì í ṣe òun ló ń wá o! Iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló fẹ́ mọ̀, àmọ́ bí ọkàn ti ń lù kì í jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ dúró sójú kan. Ibi tó ti ń wá bí yóò ṣe pa ìdíwọ́ náà rẹ́ ló ti rí i pé inú ìdíwọ́ yẹn gan-an ni ìròyìn ọ́síjìn wà. Ọdún 1974 ló gbé e síta. Síbẹ̀, àfi ìgbà tí iná LED àti kọ̀ǹpútà kékeré bí èékánná dé ni ẹ̀rọ náà tó gbòde, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá rèé. Àwọ̀ dúdú máa ń gbà nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà fi nọ́ńbà ẹ̀rọ wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà nínú iṣan aláìsàn. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ 92 sí 96, àwọn kan wà tí tiwọn kò tó 88 ní tòótọ́: nǹkan bí 12 nínú 100 àyẹ̀wò lára adúláwọ̀, nǹkan bí 4 péré lára òyìnbó. Ohun tó dùn wá jù ni pé ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 ní ènìyàn 10 ti tó láti fi dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, bí 2 nínú wọn bá ti dúdú. Ní Oṣù Kíní ọdún 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àbá pé kí wọ́n tó 150, kí àwọ̀ wọn sì jẹ́ oríṣiríṣi.

Nítorí náà, ìyá ò jẹ̀bi, bàbá náà ò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ náà wúlò láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Kí ẹni tó ń lò ó nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná, kí ọwọ́ rẹ̀ má tutù. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn ò bá lè mí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀rọ ìbáà kọ 95. A ti béèrè iye owó lọ́wọ́ òǹtajà mẹ́ta. Ìwé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ akápò, a ó kà á ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé kí ẹ tó dìbò.