Bí Agbowó-Gbèsè Bá Kan Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹni tó bá ń ná Ìdúmọ̀tà tàbí Ọjà Balógun mọ̀ pé àwìn kì í tán lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí owó bá pẹ́ nílẹ̀, olówó lè rán ẹlòmíràn wá gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1921 pé ológò a máa wọ ilé onígbèsè, a máa pa ẹran ọ̀sìn ibẹ̀ jẹ, títí ara yóò fi ni gbogbo agboolé.

Lóde òní, ilé-iṣẹ́ agbowó-gbèsè ni àwọn oníṣòwò ń bẹ̀. Wọ́n sábà máa ń yọ ìdá tiwọn nínú ohun tí wọ́n bá rí gbà. Lẹ́tà àti tẹlifóònù ni irinṣẹ́ wọn. Wọn kò lè kó ẹrù yín láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sì kọ̀ kí a mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò ṣẹ nìkan.

Nítorí náà, ẹ má sá, ẹ má sì bú wọn. Ẹ béèrè ìwé tí olówó fi rán wọn. Ẹ fi iye tí wọ́n pè wé àkọsílẹ̀ tiyín. Ẹ kọ àdéhùn sísan díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀, kí ó má ju owó tí ó kù lẹ́yìn oúnjẹ ọmọ lọ. Ẹ gba rìsíìtì.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n jẹ lówó, ilé-ẹjọ́ gbèsè kéékèèké tí Ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ wà fún yín. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó yín.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò.