Lynyrd Skynyrd: Kí ló fà á tí ẹnu àwọn alárìíwísí ò fi kò lórí àwo orin 'God & Guns'?

Bí olórí ẹgbẹ́ olórin kan bá kú, tí àwọn tó kù sì ń lo orúkọ ẹgbẹ́ náà lọ, ta ló ni orin tuntun tí wọ́n bá gbé jáde? Ìbéèrè yìí ló wà nídìí awuyewuye tó bá àwo orin 'God & Guns', èyí tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Lynyrd Skynyrd, gbé jáde lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009. Àwọn olólùfẹ́ wọn rà á dáadáa. Àmọ́ àwọn alárìíwísí, ìyẹn àwọn tó máa ń ṣàgbéyẹ̀wò orin, pín sí méjì. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Ta ni Lynyrd Skynyrd?

Ìlú Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida, ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1964. Orúkọ olùkọ́ eré ìdárayá wọn, Leonard Skinner, tí kì í fẹ́ rí ọmọkùnrin onírun gígùn, ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó fi di orúkọ ẹgbẹ́. Rọ́ọ̀kì apá Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ: wọ́n po blues àti country pọ̀ mọ́ rọ́ọ̀kì, onígìtá mẹ́ta á sì máa ta á lẹ́ẹ̀kan náà. 'Free Bird' àti 'Sweet Home Alabama' ló sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ronnie Van Zant ni ohùn wọn, òun náà ló ń kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orin wọn. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1977, ọjọ́ kẹta tí àwo wọn 'Street Survivors' jáde, ọkọ̀ òfurufú tó gbé wọn já ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Èèyàn mẹ́fà kú, Ronnie wà nínú wọn. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe túká nìyẹn.

Ọdún 1987 ni àwọn tó yè tún kóra jọ, tí Johnny, àbúrò Ronnie, sì bọ́ síwájú gẹ́gẹ́ bí akọrin. Kò rọrùn o. Wọ́n ti búra fún ara wọn lẹ́yìn ìjàǹbá náà pé àwọn ò ní lo orúkọ yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ìyàwó Ronnie sì wà lára àwọn tó pẹjọ́. Lọ́dún 1988 ni wọ́n fi àdéhùn parí rẹ̀.

Ọ̀fọ̀ méjì láàárín oṣù mẹ́rin

Kí 'God & Guns' tó jáde, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Billy Powell tó ń tẹ dùùrù kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kínní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 56. Lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún, àrùn jẹjẹrẹ pa Ean Evans tó ń ta gìtá báàsì, ẹni ọdún 48. Nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Gary Rossington onígìtá nìkan ló ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n fi orin 'Gifted Hands' ṣèrántí Powell. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn fi gbọ́ àwo náà bí ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ ṣì wà láàyè.

Kí ni àwọn alárìíwísí rí sí i?

Àkọ́kọ́ ni ìró rẹ̀. Bob Marlette ló darí gbígba orin náà sílẹ̀, wọ́n sì pe John 5, tó ti bá Marilyn Manson àti Rob Zombie ṣiṣẹ́, láti wá ta gìtá sí i. Gìtá wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn kan yìn wọ́n pé ara wọn ṣì yá gágá. Àwọn mìíràn ní ohun tó ń tà lásìkò náà ni wọ́n ń sáré lé, àti pé orin bíi 'Southern Ways' kàn ń fa 'Sweet Home Alabama' jáde látinú àpótí ni.

Ìkejì ló gbóná jù: ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, Barack Obama, tó ń díje dupò ààrẹ nígbà náà, sọ pé inú ń bí àwọn èèyàn ìlú kéékèèké kan, ni wọ́n ṣe di ìbọn tàbí ẹ̀sìn mú. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí àwo tó ń jẹ́ 'Ọlọ́run àti Ìbọn' wá jáde lọ́dún kejì, kò ṣòro láti mọ ibi tí ó dúró sí.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lọ́dún 1975, Ronnie fúnra rẹ̀ kọ 'Saturday Night Special', orin tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìbọn kékeré tí kò wúlò fún nǹkan mìíràn ju kó pààyàn lọ. Ẹgbẹ́ kan náà, orúkọ kan náà, ọ̀rọ̀ wá yàtọ̀. Johnny lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò tirẹ̀, àmọ́ orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ di ńlá ló fi ń sọ ọ́, a ò sì lè bi ẹ̀gbọ́n náà léèrè mọ́.

Ọjà ńkọ́?

Ọjà kò dúró de alárìíwísí. Àwo náà dé ipò 18 lórí àtẹ Billboard 200. Látìgbà tí wọ́n ti padà ní 1987 títí di ìgbà náà, kò tíì sí àwo tuntun wọn kankan tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń gbé ìgbé ayé tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀ ò bìkítà bóyá ó jọ ti 1974. Ìgbésí ayé tirẹ̀ ló ń gbọ́ níbẹ̀.

Ṣé gbogbo ẹgbẹ́ àtijọ́ ló ń rí irú èyí?

Rárá. Ẹ wo Allman Brothers Band, tí wọ́n ṣáájú Skynyrd nídìí irú orin yìí. Duane Allman kú lọ́dún 1971, Dickey Betts sì kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún 2000. Síbẹ̀, nígbà tí 'Hittin' the Note' jáde lọ́dún 2003, ọ̀pọ̀ alárìíwísí ló yìn ín. Warren Haynes àti Derek Trucks ló ń ta gìtá, Trucks sì máa ń yọ́ ọ lórí okùn títí yóò fi ké bí ohùn èèyàn. Ẹni tó mọ gìtá tó ń fà gùn-ún nínú jùjú King Sunny Adé yóò mọ ohun tó súnmọ́ ọn.

Lójú tèmi, ìyàtọ̀ wọn nìyí: ọwọ́ ni agbára Allman wà, a sì lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹnu Ronnie ni ti Skynyrd wà. Ẹnu ò ṣeé jogún.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ohun tí àwọn alárìíwísí ń jà lé lórí ni bóyá eérú ni 'God & Guns' àbí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Rossington náà ti kú lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2023, síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà kò dáwọ́ orin dúró, nítorí náà ìbéèrè ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ gbọ́ 'Saturday Night Special' ná, kí ẹ tó wá gbọ́ 'God & Guns'. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dájọ́.