Aṣọ Olè àti Ìwé Ọlọ́pàá



Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe inú òwe yẹn dáadáa. "Jalè" ni wọ́n wí. Wọn ò ní "ẹni tí wọ́n mú", wọn ò sì ní "ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn". Ìyàtọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn ládùúgbò wa ní Abraham Adésànyà Estate. Àwọn kan ní dírẹ́bà, ẹ̀ṣọ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọlọ́pàá bá ti mú rí kò gbọdọ̀ gba géètì wọlé wá ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ní abúlé, gbogbo ìlú ló mọ ìdílé olúkúlùkù. Lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ajah, ẹni tó ń ṣí géètì fún ọ lè ti ibi tí o ò dé rí wá. Ìwé ló wá rọ́pò ìrántí ìlú.

Iṣẹ́ wo ni ìwé náà ń ṣe? Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní kí àwọn ọlọ́pàá ní ibi kan tí àkọsílẹ̀ ọ̀daràn gbogbo orílẹ̀-èdè yóò wà, kí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ sì máa débẹ̀ láàárín 30 ọjọ́. Ẹni tó bá lọ gba ìwé ẹ̀rí ìwà ní Alágbọn, n'Íkòyí, yóò tẹ̀ka, wọn yóò sì fi ìlà ìka rẹ̀ wé èyí tó wà nílẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ń lò ó. Adájọ́ náà lè wò ó kó tó sọ iye ọdún tí ẹni tó jẹ̀bi yóò lò lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀rí ti 2011 ò gbà kí wọ́n fi ìwà burúkú àná ti ẹ̀sùn òní lẹ́yìn, àfi níwọ̀nba ìgbà tí òfin náà fúnra rẹ̀ yọ sọ́tọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìka, tí kì í ṣe orúkọ? Ẹ rántí James Ibori, gómìnà Ìpínlẹ̀ Delta láti 1999 sí 2007. Ní 1995, ilé ẹjọ́ kan ní Bwari, lẹ́bàá Àbújá, dá ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lẹ́bi. Àwọn alátakò ní gómìnà náà ni. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 2006, àwọn adájọ́ ní ẹ̀rí ò fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnì kan náà ni. Orúkọ nìkan ò tó. Ní London, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: wọ́n ti dá a lẹ́bi olè níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àmọ́ ọjọ́ ìbí mìíràn ló fi bo àkọsílẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ní 2012, lẹ́yìn tó gbà pé òun jẹ̀bi jìbìtì, ilé ẹjọ́ Southwark rán an lẹ́wọ̀n ọdún 13.

Ṣé ẹ rí i? Orúkọ lè kó bá aláìṣẹ̀, ó sì lè bo ọ̀daràn lójú. Mélòó ni Táíwò tó wà l'Ékòó? Ṣùgbọ́n Táíwò àti Kẹ́hìndé tó jọra bí ìmumu, ìlà ìka wọn ò rí bákan náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "mú". Òfin 2015 yẹn kan náà ní kí ọlọ́pàá kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá mú sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Nítorí náà, ọmọkùnrin tí wọ́n kó nínú réèdì nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lè ní ìwé ní tẹ́ṣàn. Ìwé yẹn ń sọ pé wọ́n mú un ni. Kò sọ pé ó jalè. Bí a bá tìtorí rẹ̀ lé e ní géètì, àwa la jí oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fáwọn aládùúgbò mi nìyí: ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ilé ẹjọ́ dá ẹni náà lẹ́bi, irú ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́, àti ọdún tó ti kọjá. Ẹni tó lu owó báǹkì ní jìbìtì lánàá ò yẹ fún kíka owó; ẹni tó jà lọ́jà ní ogún ọdún sẹ́yìn lè ro oko òdòdó wa láìsí wàhálà. Àwọn kan gbà, àwọn kan ṣì ń jiyàn. A ó tún jókòó lé e lórí.