Ẹ Fún Àmì Láyè

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àwa ọmọ Toronto, Gẹ̀ẹ́sì là ń kà láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Bí ìwé Yorùbá bá wá fún pọ̀, a ó kàn pa á dé ni.

Yorùbá ní àmì lórí, ó ní nísàlẹ̀. Bí ìlà bá sún mọ́ra jù, àmì á máa gbá ara wọn. Àbúrò mi ka “Bàbá gbé ọkọ́ dé” sí “gbé ọkọ̀ dé”, ló bá ń wá mọ́tò!

Lórí kọ̀ǹpútà, mo máa ń lo lẹ́tà 14, àyè ìlà kan àtààbọ̀, àti ìpínrọ̀ kúkúrú. Noto Sans àti Charis SIL máa ń gbé àmì sáyè rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àmì láyè. A ó kà á dópin.